Òkun Tó Lé Ìyá Àgbà Kúrò Nílé Ọkọ

Nusrat ọmọ mi,

Ìyá Àgbà ti kọ Bàbá Àgbà sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu mi, àyà mi ló ń já láti sọ ọ́. Mo mọ̀ pé Bàbá Àgbà ti kú kí n tó bí ẹ. Lèmọ́mù náà sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní a kì í kọ òkú. Ìyá Àgbà ní ikú ò ní kí àwọn má bínú. Wọ́n ti di ẹrù padà sílé bàbá wọn ní Olówógbowó, tàgbàtàgbà!

Ara ẹ ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí Àbújá gbé ẹ mì o.

Fọ́tò kan ló fà á. Inú àpótí ni mo ti rí i, mo fi fírémù sí i, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀ kí inú Ìyá Àgbà lè dùn. Bàbá Àgbà dúró létí òkun, igi àgbọn wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà wò ó títí, wọ́n ní agbádá yìí, àwọn ló rán an fún ọkọ àwọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ kọ́ kéú ní Ìlọrin, Ìlọrin náà lolè sì ti jí i. Òkun wo ló wà ní Ìlọrin? Ta ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín létí omi?

Síkírù àbúrò bàbá ẹ ní Àgbádárìgì ni. Ìyàwó ẹ̀ ní rárá, Kútọnu ni, Ìyá Àgbà bá bú sẹ́kún, wọ́n ní obìnrin Kútọnu mọ ọbẹ̀ sè jù.

Mo wá ní kí n bi fóònù. Mo gbé e lọ sí Màrínà kó lè fojú ara ẹ̀ rí omi, kó fi wé ti fọ́tò. Ó ronú díẹ̀, ó kó etí òkun rẹpẹtẹ jáde, òyìnbó obìnrin tó wọ pátá àti kọ́mú ló wà nínú gbogbo ẹ̀. Ìyá Àgbà ní àwọn ti rò pé ẹyọ kan ni, àṣé wọ́n pọ̀ tó báyìí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n di ẹrù.

Bàbá Haleem tó ń ta iṣu ní Èbúté Èrò, ọmọ Ìlọrin ni, wọ́n tún wá da ọ̀rọ̀ rú. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ onífọ́tò kan ní Ìlọrin ni òkun náà wà, wọ́n mú fọ́tò tiwọn wá: òkun kan náà, ìgbì ò sún kúrò níbì kan. Wọ́n ní tílẹ̀ bá ti ṣú, onífọ́tò á ká òkun ẹ̀, á gbé e ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nusrat, mo ka jọ́gíráfì dé kíláàsì àṣekágbá, ta ló ń ká òkun? Lóòótọ́ mo rí ìṣó kan lójú sánmà, orí kápẹ́ẹ̀tì sì ni bàtà Bàbá Àgbà wà, ṣùgbọ́n ayé àtijọ́ nìyẹn. Ìyá Àgbà ní ọkùnrin kì í tú àṣírí ọkùnrin.

Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni sàráà Bàbá Àgbà, Ìyá Àgbà ní àwọn ò ní yọjú. Bàbá ẹ ní tí wọn ò bá wá, kémi náà wábi gbà. Ìwọ nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́ tiẹ̀. Jọ̀ọ́, bá mi wádìí bóyá Ìlọrin ti lókun rí, àti ohun tó fà á gbẹ. Fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra dátà, fóònù ní òun ò lè ronú mọ́.

Ọlọ́run á fún ẹ ní ọkọ tí kì í ya fọ́tò.

Tètè dá mi lóhùn.

Màmá ẹ,
Taslimah