Ẹ Dá Abẹ́rẹ́ Ọjọ́ Ajé Dúró

Yàrá Àyẹ̀wò Kejì,
Ilé Ìwádìí Àrùn Kòkòrò,
Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kẹta.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìdánwò Oògùn,
Ilé Ìwòsàn Àgbà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÀṢÌṢE NÍNÚ ÀBÁJÁDE ÀWO MÉJÌ, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁ ṢE FÚN ẸNIKẸ́NI NÍ ABẸ́RẸ́ NÁÀ

Èmi ni mo ka àwọn sẹ́ẹ̀lì fún ìwádìí tí ẹ fọwọ́ sí lóṣù tó kọjá. Ọdún kẹrìnlá mi rèé nídìí maikirosíkóòpù. Ìyá Awò ni gbogbo ilé ń pè mí. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, n kò sì ní fi pa mọ́. Àbúrò mi obìnrin, tí egbò ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ fún ọdún méjì láìjinná, ni ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ máa gún lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Kòkòrò tó ń fa egbò yìí kì í sá fún àwọn ọmọ ogun ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà. Inú wọn gan-an ló ń wọ̀ lọ gbé. Bí ibì kan bá sì wú, ara a máa tú oje kan jáde, tí àwa ń pè ní oje ìwúlé. A fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ogun ni oje yìí ń ràn lọ́wọ́, tàbí kòkòrò. A kó àwọn méjèèjì pọ̀ sínú àwo méjì, a wá kán oje sí ọ̀kan.

Ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ yín sọ pé kòkòrò kú nínú àwo olóje. Irọ́ ni, èmi ni mo sì fà á. Àṣà yàrá wa ni kí á kọ àmì sórí ọmọrí, kí á má baà máa gbé àwo sókè láti ka ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, oru bo ọmọrí méjèèjì. Mo ṣí wọn, mo nù wọ́n, mo sì fi ti ọ̀kan dé èkejì.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo rí i nínú àwòrán tí a yà lọ́jọ́ náà pé àwo olóje, tí etí rẹ̀ sán díẹ̀, ló wà lábẹ́ ọmọrí èkejì. Mo tún iṣẹ́ náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo kọ àmì sí ìdí àwo. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú àwo olóje ni kòkòrò ti pọ̀: mo ka mọ́kànlá, méjìlá nínú ọmọ ogun kan ṣoṣo, wọ́n yó, wọ́n sì ń bí sí i. Nínú àwo kejì, agbára káká ni mo fi rí ẹyọ kan. Yéè, àyà mi já! Abẹ́rẹ́ tí ẹ fẹ́ lò, ṣe ló máa mú kí oje yìí pọ̀ yí egbò ká.

Mo sọ fún ọ̀gá yàrá wa. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, pé ìròyìn ti lọ, pé ojú á ti gbogbo wa. Ẹ̀yin Ọ̀gá, a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ènìyàn méjìlélógún ló wà nínú ìwé yín. Ẹ má bínú pé mo fo ọ̀gá mi kọjá.

Mo bẹ̀ yín, ẹ rán ẹlòmíràn wá ka àwọn àwo mi. Mo ti tọ́jú wọn sínú fìríìjì. Bí ẹ bá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn náà, n kò ní jiyàn.

Àbúrò mi kò fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ìdánwò náà tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo jókòó tì í títí ó fi fọwọ́ sí i, torí mo sọ fún un pé ojú ara mi ni mo fi rí i pé kòkòrò kú. Láàárọ̀ yìí, ó fi bàtà tuntun tó máa wọ̀ bí egbò bá jinná hàn mí. Mo ní ó dára. N kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù. Bí ẹnu mi bá kọ̀ títí di ìgbà náà, ẹ̀yin ẹ bá mi sọ fún un, kí ẹ sì dárúkọ mi.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ọkàn tí kò balẹ̀,

Ìyá Awò,
Òṣìṣẹ́ Àgbà, Yàrá Àyẹ̀wò Kejì.