Màmá Eyvör Snorradóttir àti Ọ̀rọ̀ Tó Ń Jẹ́ Àlá

Etí òkun Bolungarvík, ìlú àwọn apẹja ní erékùṣù wa, níbi tí yìnyín ti ń pẹ́ kó tó kúrò lórí òkè, ni wọ́n bí Màmá wa sí ní ọdún 1938. Snorri apẹja ni bàbá wọn. Salóme, tó mọ bí a ṣe ń fi èéfín yan ẹran àgùntàn, ni ìyá wọn.

Wọ́n kàwé dé Reykjavík, olú ìlú wa, wọ́n sì padà wá kọ́ àwọn ọmọ ilé wa ní èdè àtijọ́. Ní 1961 wọ́n fẹ́ Bàbá wa, Marteinn, ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń kọrin nínú ọkọ̀ ojú omi. Ní 1968, òkun gbé Bàbá lọ. A kò rí òkú, a kò rí ọkọ̀.

Láti ìgbà náà ni Màmá ti dojú kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Draumur ni àwa ń pe àlá. Àwọn Swídìn ní dröm, àwọn Jámánì ní Traum. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, ayọ̀ àti orin ni wọ́n ń fi irú ọ̀rọ̀ yìí pè. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní inú ẹ̀tàn ló ti ṣẹ̀ wá, ẹ̀yìn àwọn yẹn ni Màmá sì wà gbọin-gbọin. A mọ ìdí rẹ̀. Bàbá ń wá bá wọn lójú oorun, aṣọ gbígbẹ lọ́rùn, ẹ̀rín lẹ́nu. Màmá á jí, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn á ti tutù. Ó dùn wọ́n gan-an.

Ní 1989, Una, àkọ́bí wọn, lóyún, ó sì lá àlá pé Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wa mọ̀ pé òkú tó bá yọ sí aboyún báyìí, ó fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òun sọ ọmọ ni. A kì í sì í lé e. Màmá yarí kanlẹ̀.

"Àlá? Ẹ̀tàn lásán! Ṣé ọmọ ọwọ́ lẹ fẹ́ fi sin ọkọ mi fún mi?"

"Màmá, wọn ò bọ̀ mọ́," Una dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí Bàámi wọlé, jàre."

Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí Una fi bímọ.

Nílé wa, a kì í sọ orúkọ ọmọ síta títí àlùfáà yóò fi béèrè níbi ìrìbọmi. Àlùfáà béèrè. Una wo ìyá rẹ̀. Màmá dìde, wọ́n ní:

"Marteinn ni. Ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀."

Wọ́n sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di opó lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a délé, bí a ti ń mu kọfí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Màmá papòdà ní oṣù kẹta ọdún 2021. Wọ́n fi àwọn ọmọ wọn, Una àti Kolbrún, sáyé lọ, pẹ̀lú Marteinn ọmọ-ọmọ wọn, àti Ylfa àbúrò rẹ̀, tó lóyún lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ẹ sùn re o, Màmá. Bí ẹ bá ń yà lọ́dọ̀ Ylfa lójú àlá, ẹ má wulẹ̀ kanlẹ̀kùn.