Lẹ́tà Tó Wà Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Mi

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹwàá, 1998

Inú ń bí mi débi pé mi ò jẹ oúnjẹ alẹ́.

Kí ni iṣẹ́ ọ́fíìsì wa ní Òkè-Ìlá gan-an? Òṣìṣẹ́ tó bá rí ìwà ìbàjẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀ á kọ̀wé sí wa, àwa á wádìí ẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ò sì ní mọ ẹni tó kọ ọ́. Èmi ni mo máa ń fi táípù tún lẹ́tà wọn tẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dá ọwọ́ ìkọ̀wé mọ̀, mo sì máa ń ti ojúlówó rẹ̀ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù mi.

Láàárọ̀ yìí, dókítà tó ni ilé-ìwòsàn kan tí à ń ṣiṣẹ́ fún wọlé fúnra rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí ojúlówó lẹ́tà tó sọ pé oògùn tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń fún aláìsàn. Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí n mú un wá.

Mo ní, “Sà, a ti ṣèlérí.”

Ó ní, “Ṣé bàbá tó tó bí mi lọ́mọ ni kí n sọ fún pé kò gbọdọ̀ rí i?”

Ìdọ̀bálẹ̀ òṣì! Èmi náà ni mo sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ mi yìí náà ni.

Dókítà ò ka ìlà méjì tó fi dá ọwọ́ ìkọ̀wé náà mọ̀. Ọwọ́ tó ń kọ káàdì aláìsàn rẹ̀ lójoojúmọ́ ni.

Nírọ̀lẹ́, Nọ́ọ̀sì Bọ́lá, ẹni tó kọ lẹ́tà náà, dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Wọ́n ti lé e. Kò bú mi. Ó ní, “Mi ò mọ ẹni tó ṣòfófó mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú lẹ́tà mi, kí n dáná sun ún kó tó bọ́ sọ́wọ́ wọn.”

Mi ò lè sọ fún un pé dókítà ti mú un lọ, pé Ọ̀gá ní kí n wá àpòòwé tuntun fi í sí, kó má baà rún.