Ilé Onídìrí Tó Wà Lẹ́yìn Ògiri

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọwọ́ lórí irun. Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà l'Ájah yìí, bí ilẹ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ tutù. Ìyá àgbà, mo kí yín, mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ yín ti ń gbé yín dé mọ́sálásí padà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Sàídá àbúrò mi, mo kí ìwọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o ti gbé fóònù mi kẹ́yìn.

Torí Sàídá gan-an ni mo ṣe gbé lẹ́tà yìí síta, sí ojú ìwé tí àwọn ọmọ ìlú wa ti ń pàdé lórí fóònù. Òun ló máa ń ka lẹ́tà fún yín, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Tó bá dé ibi tí wọ́n ti bá a wí, á fò ó, á ní ó ti parí. Ní báyìí tí gbogbo Ìsẹ́yìn ti ń kà á, tó bá fo ìlà kan, Ìyá Sikirá tó wà ní òdìkejì títì á bá a kà á sókè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo gbọ́ pé àwọn kan ní àdúgbò ń sọ pé Ràṣídì pa iṣẹ́ táìlì tì, ó wá ń gbá géèmù kiri Lẹ́kkí bí ọmọ kékeré. Kí àwọn náà wá gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ẹ rántí pé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Múfú ni mo wà tẹ́lẹ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó, à ń lẹ táìlì sí àwọn ilé tuntun. Iṣẹ́ yẹn kò burú, ṣùgbọ́n orúnkún mi méjèèjì ti ń ráhùn. Òjò ibí kì í sì í bá èèyàn ṣe àdéhùn. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lójú oòrùn ganrínganrín, kí omi gba gbogbo títì, kí a ká ṣòkòtò sókè kí a tó lè dé ibi iṣẹ́. Ní ọjọ́ kan wọ́n gbé wa lọ sí ọ́fíìsì kékeré kan ní Lẹ́kkí Phase 1 pé ká wá lẹ táìlì sí balùwẹ̀ wọn. Àwọn márùn-ún ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Mo rò pé báǹkì ni. Àṣé géèmù ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n júwe géèmù náà. Ó rí bíi wàláà ilé kéú, ṣùgbọ́n ó kéré sí i. Ọwọ́ méjèèjì lẹ máa fi dì í mú, ojú rẹ̀ ń tàn bíi ti fóònù, bọ́tìnì sì wà lọ́tùn-ún lósì. Nínú rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n rán an níṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ àgbà, ó sì gbọ́dọ̀ la ìlú mẹ́rin kọjá kí oòrùn tó wọ̀. Kò mú ìbọn dání, kò mú idà. Ìkíni ló fi ń ṣí ọ̀nà. Tó bá bá ẹnì kan nídìí iṣẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ di géèmù mú lẹ máa yan bó ṣe máa kí i. Tó bá kí i dáadáa, ẹni náà á yà fún un. Tó bá ṣì í kí, ẹni náà á kọ ẹ̀yìn sí i, oòrùn á sì sún díẹ̀ sí i.

Bí mo ṣe ń po sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́, mo rí ọ̀kan nínú wọn tó ń gbá a. Àbẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ aláró, ó kí i pé ẹ kú iṣẹ́ aró, wọ́n sì jẹ́ kó kọjá. Ẹnu mi kò gbà á mọ́ra. Mo ní ta ló ń kí aláró bẹ́ẹ̀ yẹn, pé àrẹ̀dú là ń kí wọn. Ọ̀gá Múfú fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi ní ìhà pé kí n dojú kọ iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ni ọ́fíìsì, Àǹtí Dúpẹ́, ti gbọ́. Ó jókòó sórí báàgì sìmẹ́ǹtì wa, ó ní kí n máa ka gbogbo ìkíni tí mo mọ̀. Nígbà tí a fi parí balùwẹ̀ náà, ó ti bẹ̀ mí kí n wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn fún oṣù mẹ́ta, kí òun fi wò mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbá géèmù náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí n máa wá ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó.

Màámi, ẹ rántí ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ tí mo ròyìn rẹ̀ fún yín. Ẹ ní ẹ ò bímọ fún géèmù. Ẹ ní tí oṣù mẹ́ta bá pé tí wọn ò gbà mí wọlé tán, kí n di ẹrù mi, kí n wá bá Bàbá mi nínú oko pákí. Mo ní mo ti gbọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń ka ọjọ́ tó kù nínú oṣù mẹ́ta yẹn, torí mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ẹ mọ ìdí? Ibi tí mò ń gbé lẹ́yìn Thomas Estate, ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń gbé lókè mi á ṣí géètì, á wọ mọ́tò, á gbé gíláàsì sókè, ó dàárọ̀ ọ̀la. Tí mo bá kí wọn, wọ́n á máa wò mí bíi pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan. Ó máa ń dùn mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dé ọ́fíìsì, èmi àti Àbẹ̀kẹ́ á máa kí alágbẹ̀dẹ, a ó kí ọlọ́jà, a ó kí ẹni tó wà lórí ọ̀pẹ, gbogbo wọn á sì máa dá wa lóhùn. Àárò ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ mí níbẹ̀.

Ní oṣù kẹta gan-an ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti lẹ táìlì rí mọ̀ pé tí sìmẹ́ǹtì bá gbẹ, èèyàn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn ṣíbí kan táìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí sìmẹ́ǹtì wà lábẹ́ rẹ̀ á dún kì, èyí tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo á dún gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀gá Múfú ti kàn án mọ́ wa lára. Nítorí náà, nínú géèmù, gbogbo ògiri ni mò ń mú Àbẹ̀kẹ́ lọ fi èjìká gbá. Àwọn ará ọ́fíìsì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní mo fẹ́ dá egbò sí ọmọ ọlọ́mọ lára. Gbogbo ògiri ló ń dún. Àfi ọ̀kan, ní ìlú kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Kò dún rárá. Mo tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ bá wọ inú ògiri lọ.

Màámi, agbo ilé kan ló wà níbẹ̀. Igi odán wà láàárín rẹ̀, àpótí ìjókòó wà lábẹ́ igi, àwọn obìnrin jókòó, irun wọn wà ní àbọ̀ dídì. Àwọn mìíràn kò tíì ní ojú, wọ́n kàn fi àwọ̀ kùn wọ́n ni. Kò sí ariwo kankan. Obìnrin kan dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́, ó tẹrí ba. Ìkíni mẹ́rin jáde pé kí n yan ọ̀kan: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjà, àrẹ̀dú, ojú gbooro. Ọwọ́ mi ti yan ojú gbooro kí orí mi tó rò ó. Obìnrin náà gbé orí sókè, ó la ẹnu, ẹnu rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n kò sí ohùn. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Mo pe Àǹtí Dúpẹ́. Ó wò ó, ó mí kanlẹ̀. Ó ní wọ́n fẹ́ kí ilé onídìrí wà nínú géèmù tẹ́lẹ̀, kí Àbẹ̀kẹ́ kọ́ irun dídì níbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yà á ti japa lọ sí Kánádà, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó mọ irun. Wọ́n fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́, odò ìlú kejì gbẹ, àwọn ewúrẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lófuurufú. Ni wọ́n bá dá a padà, wọ́n mọ ògiri bò ó. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló rí nínú géèmù púpọ̀, pé ilé tí ẹnikẹ́ni ò ní wọ̀ wà nínú wọn, orin tí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ wà níbẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo rí ihò náà, ó ní kí àwọn dí i, torí géèmù gbọ́dọ̀ jáde láìpẹ́.

Ara mi kò gbà á. Mo wo àwọn irun tí wọ́n yà síbẹ̀. Wọ́n di irun kan láti ìpàkọ́ wá sí iwájú orí, wọ́n kọ ṣùkú sí i, bẹ́ẹ̀ ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún márùn-ún ní ìdí àpótí yín kò ní ṣe irú àṣìṣe yẹn. Mo bẹ Àǹtí Dúpẹ́ pé kó fún mi ní àyè títí di ọjọ́ Ajé. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n tí mo bá fi ọjọ́ mẹ́ta ṣòfò ní ìparí àkókò tí òun fi ń wò mí, kí n má sọ pé òun ò kìlọ̀.

Ohun tó fa gbogbo ìbéèrè ọjọ́ Jímọ̀ yẹn nìyí. Ẹ má bínú pé mi ò ṣàlàyé. Mo kàn pè yín, mo ní ìka wo lẹ kọ́kọ́ fi ń mú irun tí ẹ bá fẹ́ dì í, ẹ̀yin sì bú sígbe pé ọmọbìnrin wo ni mò ń dirí fún l'Ékòó. Ẹ ní ṣé òun ò ní ọwọ́ ni. Ẹ ní ọmọ ta ni, ṣé ó ń kírun. Ó tó wákàtí kan kí n tó lè parí ọ̀rọ̀ mi, Bàbá sì ti gba fóònù láti gbà mí nímọ̀ràn lórí ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ kejì ni ẹ wá fa Sàídá jókòó, tí Ìyá Sikirá di fóònù mú kí n lè máa rí ọwọ́ yín, tí ẹ di ṣùkú fún un, ẹ tú u, ẹ di ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ tú u, ẹ di kòlẹ́sẹ̀, ẹ tú u, ẹ wá fi pàtẹ́wọ́ parí rẹ̀. Sàídá sunkún ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó bú mi ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó sùn lọ ní ẹ̀ẹ̀kẹrin. Àbúrò mi, o ṣeun. Orí ẹ ni wọ́n fi tún gbogbo rẹ̀ yà. Bàtà tí o fẹ́ ń bọ̀, mo ti rà á.

Ohun kan tún wà tí mi ò sọ fún yín. Nígbà tí fóònù kọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ kejì náà, mo kí yín pé ojú gbooro o, ẹ̀yin sì dáhùn pé òòyà á yà á o, bí ẹ ṣe máa ń fà á gùn. Mo gba ohùn yín sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, a ti tún irun yà, a sì ti fi ohùn yín sí ẹnu obìnrin tó di òòyà mú. Àǹtí Dúpẹ́ gba géèmù lọ́wọ́ mi, ó wọ inú agbo ilé, ó yan ìkíni. Ohùn yín jáde. Ó tún yàn án. Ó yàn án lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó wá ń fi ọwọ́ pa ìpàkọ́ ara rẹ̀ lábẹ́ wíìgì. Ó bi mí pé ta ni. Mo ní ìyá mi ni. Ó ní kí wọ́n wó ògiri yẹn lulẹ̀, kí wọ́n fi ẹnu ọ̀nà síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì pè mí ní ẹni tí wọ́n ń wò mọ́.

Ẹ bá mi dúpẹ́, wọ́n ti gbà mí wọlé tán.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la gbé géèmù náà lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ilé lẹ́sìnnì kan ní Thomas Estate kí wọ́n dán an wò. Ẹ kú iṣẹ́ ni gbogbo wọn ń kí onídìrí, kò sì wo ẹ̀gbẹ́ wọn. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin kan tí Yorùbá rẹ̀ kò tilẹ̀ já geere yan ojú gbooro. Bí ohùn yín ṣe jáde, gbogbo yàrá hó. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ń kọjá ní àdúgbò wa, àwọn ọmọ náà á yọ orí láti ojú fèrèsé mọ́tò, wọ́n á ní ojú gbooro o. Màámi, táìlì ni mo mọ̀ ọ́n lẹ̀, ṣùgbọ́n èmi náà á dá wọn lóhùn bíi tiyín.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun ló sì ṣòro fún mi jù. Àǹtí Dúpẹ́ ní kí n mú orúkọ yín àti iṣẹ́ yín wá, kí wọ́n kọ ọ́ sí ìparí géèmù pẹ̀lú tàwọn tó ṣe é. Ojú tì mí, torí nínú fọ́ọ̀mù tí mo kọ nígbà tí mo wọ ibi iṣẹ́ yìí, níbi tí wọ́n ti bèèrè iṣẹ́ ìyá, oníṣòwò ni mo kọ. Mo wo ọ́fíìsì wọn àti kọ̀ǹpútà wọn, mo rò pé wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Irun orí èèyàn lẹ sì fi rán mi nílé ìwé. Ẹ dárí jì mí, Màámi. Mo gba fọ́ọ̀mù náà padà, mo fagi lé e, mo tún un kọ. Orúkọ méje ló wà ní ìparí géèmù báyìí, tiyín ló ṣáájú tọ̀gá pàápàá: Mùíbátù Àdùkẹ́, onídìrí, Ìsẹ́yìn. Mo bẹ àwọn tó ń ṣe é kí wọ́n má fi bọ́tìnì kankan síbẹ̀ tí èèyàn lè fi fò ó. Ẹnikẹ́ni tó bá parí géèmù yìí á dúró, á kà á.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ yín le, kí ojú yín máa ríran ya irun. Bàbá, ilẹ̀ oko á gbè yín. Ìyá àgbà, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ bá mi kí Ìyá Sikirá tó di fóònù mú, ẹ bá mi kí gbogbo àwọn oníbàárà yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó dáadáa, wọ́n wà lórí àpótí ẹni ńlá.

Èmi ni ọmọ yín, ọmọ onídìrí,
Ràṣídì