Lẹ́tà Gọ́tà Tí Mo Tẹ̀ ní Ẹ̀dà Méjì

Ẹ̀yìn Abraham Adésànyà,
Ajah, Èkó.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Keje.

Olúwadábírà, ọmọ mi,

Ká ní mo pa ẹnu mi mọ́ lọ́jọ́ náà, ṣé Afusat ì bá ṣì wà láàyè? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn, òun náà ló sì jẹ́ kí n gbàgbé láti kí ọ kí n tó máa sọ̀rọ̀. Má bínú. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń rí oúnjẹ gidi jẹ ní Àbújá? Màmá rẹ kí ọ, orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ìgbìmọ̀ tí o ń ṣe akọ̀wé fún ní ilé aṣòfin ti fẹ́ parí òfin lórí omíyalé, pé ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ti fẹnu kò lórí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, àfi orúkọ ẹni tí yóò síwájú lórí ìwé náà. O ní o fẹ́ dá a lábàá pé kí wọ́n tẹ ẹ̀dà méjì, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan síwájú lórí ọ̀kan. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, nítorí ọgbọ́n orí tèmi gan-an ni mo rí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo mú bírò láti kọ èyí sí ọ. Mo ti sọ fún ọ lórí fóònù pé Afusat aránṣọ kú. N kò sọ bí ó ṣe kú.

O rántí gọ́tà ńlá tó gba iwájú ilé wa lọ sínú ọ̀sà. Ọdún mẹ́rin nìyí tí omi rẹ̀ kò ti rí ọ̀nà lọ mọ́. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba kọ́ ọ́fíìsì wọọ́dù wọn lé e lórí lápá òkè. Ẹgbẹ́ alátakò kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà lé e lórí nísàlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọdúnjọ ni alága àwọn ti òkè, Alhaji Taofeek ni alága àwọn ti ìsàlẹ̀. Oníkálukú ní kí ti ẹnì kejì kọ́kọ́ wó.

Nínú oṣù Kejì, èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé àdúgbò bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà láti pàdé. Ọdúnjọ kò ní lọ sílé Alhaji, Alhaji kò sì ní wá sí ti Ọdúnjọ. Ṣọ́ọ̀bù Afusat la lò, nítorí kò sí pósítà ẹgbẹ́ kankan lára ògiri rẹ̀. Ó kó aṣọ kúrò lórí bẹ́ǹṣì fún wa, ó sì ń ránṣọ rẹ̀ lọ bí a ti ń sọ̀rọ̀.

Ohun tí n kò rò pé ojú mi yóò rí ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Láàárín wákàtí méjì, wọ́n gbà pé kí ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù wó lọ́jọ́ kan náà, kí ìjọba wá fi katapílà gbẹ́ gọ́tà náà kí òjò tó dé. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Lẹ́tà tí a ó kọ síjọba ló kù, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Ọdúnjọ ní, "Àwa la wà níjọba. Orúkọ mi ló máa síwájú." Alhaji ní, "Ẹ wà níjọba lóòótọ́, ìjọba tó sọ bẹ́ẹ̀dì wa di ọkọ̀ ojú omi!" Ọdúnjọ ti dìde. Afusat kò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí aṣọ tó ń rán. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ kọ orúkọ tèmi sókè jàre. Èmi ò lẹ́gbẹ́, omi nìkan ni mo ní." Alhaji bú sẹ́rìn-ín: "Hàáà, Afusat gómìnà! Ìgbà wo lo fẹ́ jáde du ipò?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì dá àbá tèmi: ẹ̀dà méjì, kí oníkálukú síwájú lórí tirẹ̀, kó sì mú un lọ sí ọ́fíìsì ìjọba fúnra rẹ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, orí yín pé." Inú mi dùn débi pé mo ra mínírà fún wọn.

Akọ̀wé ọ́fíìsì ìjọba tó gba àwọn ẹ̀dà náà rí lẹ́tà méjì lórí gọ́tà kan, láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ méjì tí gbogbo ayé mọ̀ pé wọn kì í gbọ́ ara wọn. Kò kà wọ́n tán. Ó so wọ́n pọ̀ sínú fáìlì kan, ó sì kọ ọ́ sí i lára pé àríyànjiyàn wà lórí gọ́tà yìí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí wọn yóò fi parí ìjà wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá la fi retí katapílà kí n tó lọ síbẹ̀, tí mo fi ojú ara mi ka ohun tó kọ. Nígbà tí mo délé, Ọdúnjọ ní Alhaji ló lọ ba nǹkan jẹ́. Alhaji ní Ọdúnjọ ni. Mo ní ká kọ òmíràn, àwọn méjèèjì kọ̀.

Òjò ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí rọ̀ láti ìdájí di ọ̀sán. Afusat fẹ́ lọ kó aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Omi ti bo títì, ó bo gọ́tà, ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ó gbẹ́sẹ̀ síbi tó rò pé títì ni. Ọjọ́ kejì ni àwọn apẹja rí i létí ọ̀sà, téèpù tó fi ń wọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Ọdúnjọ gbé ìrẹsì wá, Alhaji gbé omi inú ike wá. Àmì ẹgbẹ́ wà lára méjèèjì. Ìyá Afusat ní kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ jáde.

Dábírà, mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ń parí ìjà òṣèlú. Mo máa ń rò pé ọgbọ́n ni kí a fún oníkálukú ní ohun tó ń fẹ́. Báyìí, n kò mọ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí mi ni, tí mo wá ń pè é ní ọgbọ́n.

Lánàá mo kọ lẹ́tà kẹta, ẹ̀dà kan ṣoṣo. Orúkọ Afusat ni mo kọ sókè, mo sì fi àyè ibi tí ì bá fọwọ́ sí sílẹ̀ lófìfo. Ọdúnjọ àti Alhaji fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ta ló síwájú. N kò mọ̀ bóyá katapílà yóò wá. Oṣù mẹ́ta ṣì kù tí òjò yóò fi máa rọ̀.

Nítorí náà, má dá àbá yẹn. Ẹyọ kan ni kí wọ́n tẹ̀. Bí wọ́n bá máa bínú sí ọ, jẹ́ kí wọ́n bínú.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ níbi tí ojú rẹ kò bá ti rí ilẹ̀. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má di ohun tí yóò gba oorun lójú rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Akínlabí.

Àfikún: Búláòsì tí o gbé fún Afusat láti rán fún ọ nígbà ọdún Àjíǹde wà lọ́dọ̀ wa. Omi wọ̀ ọ́, màmá rẹ ti fọ̀ ọ́. Ó rán apá kan tán. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lára apá kejì, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti pa àtùpà.