Nọ́ńbà Méjì Inú Rédíò Ọkọ̀

Bàbá Marwa,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan rédíò inú ọkọ̀ ilé ìgbẹ̀bí wa mọ́ láé. Mo kàn sáré wọlé wá pààrọ̀ ìró tí ẹ̀jẹ̀ ti bà jẹ́ ni, mo tún ti ń padà síbi iṣẹ́ ní Ìkàrẹ́.

Ẹ rí i lánàá pé nọ́ńbà tí mo fi ń gbọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wa nínú rédíò náà yàtọ̀ sí èyí tí mo fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ rò pé àṣìṣe ni, ẹ bá sọ méjèèjì di ọ̀kan. Ta ló rán yín? Ẹ̀rọ orí òkè Ọ̀kà máa ń gba ohùn wa lórí nọ́ńbà kan, á sì tún un sọ lórí èkejì kó lè dé ọ̀nà jíjìn. Bí wọ́n bá dọ́gba, màá gbọ́ gbogbo ayé, ẹnì kankan ò ní í gbọ́ mi.

Láàárọ̀ yìí, táyà bẹ́ lẹ́yìn Ùgbè, aboyún ń rọbí nínú ọkọ̀, fóònù ò sì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ń gbọ́ Nọ́ọ̀sì Iyìọlá ketekete nínú rédíò: “Ìyá Marwa, ibo lẹ wà? Ṣé ká wá bá yín?” Mo dáhùn títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ti gbẹ̀bí obìnrin náà. Alhamdulillahi, tìyá tọmọ wà láàyè.

Mo ti dá nọ́ńbà padà. Ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò, ẹ gbé e kaná fúnra yín.

Mo sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ Jímọ̀ pé nọ́ńbà méjèèjì kì í dọ́gba. Orí àga kan náà la jọ jókòó sí. A ò nílò ẹ̀rọ orí òkè kankan láàárín wa, síbẹ̀ ẹ ò gbọ́ mi.

Memunat