Ta Ni Ìní Ń Rẹ́rìn-ín Sí?

Bàbá mi àtàtà,

Ta ni ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín sí? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo bi ara mi títí, mo wá rò ó pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an ló yẹ kí n bi.

Ẹ kò mọ̀ ọ́n. A ti sin yín tán kí n tó bí i. Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìníolúwa, èmi ń pè é ní Ìní. Ṣùgbọ́n Màmá sọ ọ́ ní Babátúndé, orúkọ yẹn ni gbogbo àdúgbò sì mú. Màmá kì í bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Wọ́n á ní ṣé ẹ jí ire, ṣé ẹ ti yó. Bí ó bá tọ̀ sí wọn lára, wọ́n á ní ọkọ àwọn ti dé pẹ̀lú wàhálà rẹ̀. Alhaja tó múlé tì wá ń da epo síná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n kúnlẹ̀ kí ìkókó, wọ́n ní kí Bàbá jọ̀ọ́ sọ ibi tí wọ́n gbàgbé eyín wọn sí. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Láti ọjọ́ ìsìnkú yín, oúnjẹ Màmá ń padà sí ìdáná bó ṣe lọ ni. Ọjọ́ tí Ìní kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni wọ́n gbé omi kaná fúnra wọn, wọ́n wẹ̀, wọ́n ní kí n wá di irun àwọn. Ilé tún di ilé. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rín ọmọ ni mo ń bá jà. Ẹni tí wọ́n ní ó ń rẹ́rìn-ín sí ni mo fura sí.

Àga yín ni, àga onígi ẹ̀bá fèrèsé pálọ̀. Bí Màmá bá ti gbé e kọjú sí àga náà, ẹ̀rín dé. Bí èmi bá gbé e débẹ̀, a máa wò ó bí ẹni tó ń wo ògiri. Kí ló fà á? Mo ti kà á nínú ìwé pé afẹ́fẹ́ inú lè pa ìkókó lẹ́rìn-ín, pé ìmọ́lẹ̀ a máa fà wọ́n lójú. Mo fa kọ́tìnnì bo fèrèsé. Mo yí àga sápá kejì. Mo mú fìlà yín kúrò lórí rẹ̀. Màmá gbé e wá, ó tún rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́ wa pé òkú kì í padà. Bí wọ́n bá sọ ọmọ ẹnìkan ní Babátúndé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ óò bọ bàbá ọmọ lọ́wọ́ dáadáa. Bí a bá ń bọ̀ nílé, ẹ óò wá máa bi wá bí ènìyàn ṣe lè wà lọ́run kó tún máa mu ọmú ní Ọ̀fà. Ṣé ẹ ti yí èrò yín padà ni?

Ǹ bá ti gbé ọ̀rọ̀ náà jù sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìsinmi ìbímọ mi ti fẹ́ parí, mo ní láti padà sí Ìlọrin, sẹ́nu iṣẹ́ àti sọ́dọ̀ ọkọ mi. Màmá ní kí èmi máa lọ, kí Babátúndé dúró, ṣebí mílíìkì wà nínú agolo. Wọ́n ní wọn kì í gbé ọkọ ènìyàn jáde nílé lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá fi í sílẹ̀, mo pàdánù ọmọ. Bí mo bá gbé e lọ, ṣé èmi ni n óò tún sọ Màmá di opó?

Lánàá, ní ọ̀sán, mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń ká aṣọ rẹ̀ lórí okùn, ni mo gbọ́ yín. Bàbá, mo gbọ́ yín. Ikọ́ kúkúrú méjì tí kì í ṣe ti àìsàn, èyí tí ẹ máa ń wú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ rélùwéè dé, kí ẹni tó jókòó lásán lè tètè mú ìgbálẹ̀. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ojú mi ti ń wá ìgbálẹ̀ kí n tó rántí pé ẹ ti kú.

Mo yọ́ lọ síbi fèrèsé. Màmá jókòó kọjú sí àga yín, Ìní wà lórí ẹsẹ̀ wọn, ó kẹ̀yìn sí wọn. Wọ́n tẹ orí wá sẹ́yìn etí rẹ̀, wọ́n wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹ ṣe ń wú u gẹ́lẹ́. Ọmọ rẹ́rìn-ín títí èrìgì rẹ̀ fi hàn. Màmá sì kí àga náà káàbọ̀.

Mo wọlé, mo bi wọ́n léèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa sẹ́ ni. Wọn kò tilẹ̀ mú ojú kúrò lára ọmọ, wọ́n ní bí mo bá wà nítòsí, jẹ́jẹ́ ni àwọn máa ń wú u sí i létí.

“Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé ọmọ rẹ ni? Kò gbọ́ ohùn bàbá yín rí. Mo ń kọ́ ọ, kí èmi náà tó gbàgbé bó ṣe ń dún.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n tún aṣọ rẹ̀ ṣe.

“Máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n máa bá mi wúkọ́ sí i létí.”

Ó yẹ kí ìfura mi parí síbẹ̀. Kò parí. Ta ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀? Ṣé ikọ́ Màmá ló fa ẹ̀rín àkọ́kọ́, àbí ẹ̀rín ọmọ ló rán Màmá létí ikọ́? Mi ò béèrè. Màmá ti fún mi ní ohun tó pọ̀ tó.

Ìní ṣẹ̀ṣẹ̀ jí báyìí. Mo gbìyànjú ikọ́ náà, ó dún bí ewúrẹ́ tí koríko há lọ́fun. Ó wò mí títí. Ó wá rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sí mi tààrà, kò wo àga kankan. Inú mi dùn débi pé mo tún wú u.

Síbẹ̀, mo bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ilẹ̀ ti ń mọ́, wọ́n ti ń pe ìrun ní mọ́sálásí. Mo ti pa àtùpà.

Èmi ni, ọmọ yín tí kì í yé béèrè, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.